Bí Mo Ṣe Gun Kẹ̀kẹ́ Láti Ìjẹ̀bú-Òde Dé Erédò Láìgba Ọ̀nà Mọ́tò

Orí òpópónà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Òrè ni mo ti máa ń gun kẹ̀kẹ́ mi ní àràárọ̀ Sátidé, nítorí pé ó tẹ́jú, ó sì gùn. Lọ́jọ́ kan, tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ́kípẹ́kí débi pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé mi sínú koríko. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé màá wá ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà láti Ìjẹ̀bú-Òde dé agbègbè Òkè-Èrí, kí ó wo Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, kí ó sì padà sílé láìjẹ́ pé táyà rẹ̀ kan ọ̀dà, àyàfi níbi tó bá ti di dandan láti sọdá títì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a.

Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ kan tí mo rà l'Ékòó ni mo lò. Táyà tí mo bá lára rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún yẹ̀pẹ̀, mo sì fi èyí tó fẹ̀ tó 40 mm rọ́pò rẹ̀. Lójú ọ̀dà, mo máa ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ dé 60 psi, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà oko, 35 ló bá mi lára mu: bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe ni kẹ̀kẹ́ á máa fò lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí kò sì ní di ilẹ̀ mú, bí ó bá sì rọ̀ jù, irin àgbá kẹ̀kẹ́ á kan òkúta, túùbù á sì ya. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni jíà kékeré, nítorí pé àwọn òkè tó wà níhà ọ̀dọ̀ wa kò ga, àmọ́ wọn kò tán bọ̀rọ̀. Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé odò tán, gígùn mìíràn ló kù.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ gbára lé. Mo ṣí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run, mo sì rí ilà pupa láàárín igbó, èyí tí mo tẹ̀lé ní Sátidé méjì. Ti àkọ́kọ́ pin sí oko ẹ̀gẹ́ kan. Ti èkejì gbé mi dé etí odò tí afárá onígi rẹ̀ ti jẹrà, tí igi méjì péré ṣẹ́kù lórí omi. Ibẹ̀ ló yé mi pé igbó a máa bo ọ̀nà tó dára jù lọ mọ́lẹ̀, tí ojú ọ̀run kì í fi í rí i.

Ní abúlé tó wà lókè odò náà ni mo ti bá àwọn ìyá tó ń yan gààrí pàdé. Èéfín gba inú àtíbàbà wọn, wọ́n sì to òkúta ńláńlá lé àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí omi rẹ̀ ń kán tótó sílẹ̀. Mo kí wọn, wọ́n sì ní kí n lọ bá Bàbá tó ń bó obì lábẹ́ òrùlé kejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Oo, ọmọ mi. Kí lò ń fi kẹ̀kẹ́ wá nínú oko?"

"Ọ̀nà Òkè-Èrí ni, sà, èyí tí mọ́tò kì í gbà."

"Ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà ló pọ̀ jù níbí. Ṣé èyí tó yá ni o fẹ́, àbí èyí tí ìyá mi máa ń ru obì gbà lọ sí ọjà Òkè-Ajé?"

Mo ní ti ìyá yín ni, sà. Ó fi ọ̀bẹ tó fi ń bó obì fa ilà sórí ilẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tí àwòrán kankan kò sọ fún mi. Ẹni tó ru ẹrù kì í ṣàdédé gun òkè. Orí gegele ni ọ̀nà àwọn ará àtijọ́ máa ń bá lọ, kí ẹsẹ̀ má baà tutù. Ibi tí odò bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù nìkan ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, ní ìdagẹ̀rẹ̀, igi ńlá kan sì máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ẹrù fún ìsinmi. Mo rò ó títí mo fi délé. Ìdagẹ̀rẹ̀ tí obìnrin tó ru ẹrù obì lè gùn láìdúró ni kẹ̀kẹ́ náà lè gùn. Mọ́tò ni kò bìkítà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí títì fi ń là òkè kọjá tààrà. Bàbá tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má lọ lọ́jọ́ kejì, torí pé Orò máa wà níta ní abúlé tó wà nísàlẹ̀. Mo dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìparí oṣù Kọkànlá ni, òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ni mo gbéra. Bí mo ṣe gorí gegele náà ni mo rí i pé òótọ́ ni Bàbá sọ: ilẹ̀ pupa, igi obì àti kòkó lápá ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ lápá òsì, kò sì sí ìró kankan ju ti ṣéènì mi lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tó rí roboto bí ẹ̀wà ló wà níbi ìsọ̀kalẹ̀, a sì máa yí lábẹ́ táyà. Mo máa ń tẹ bíréèkì kí n tó dé kọ́nà, n kì í tẹ̀ ẹ́ nínú rẹ̀, mo sì máa ń fa ìdí sẹ́yìn. Létí odò kejì ni ẹ̀gún ọ̀pẹ gún táyà ẹ̀yìn. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti igi àràbà kan, mo lẹ túùbù náà, mo sì tún un fẹ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ mú páǹpù tirẹ̀ dání o: ẹnu túùbù kẹ̀kẹ́ yìí tẹ́ẹ́rẹ́, kò bá páǹpù àwọn tó ń lẹ táyà ọ̀kadà mu.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni mo dé Erédò. Yàrà àti òkìtì tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká yìí gùn ju 160 km lọ, ó sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Ìtàn tí a bí wa bá ni pé Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó tí kò bímọ, ló gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Òkè-Èrí ni ojúbọ rẹ̀ wà. Wọ́n máa ń sọ pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, àmọ́ ìwádìí àìpẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn tọ́ka sí nǹkan bí ọ̀rúndún 14 sí 15. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí i ká.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, mo sì rọra wọ inú rẹ̀. Òtútù mú mi lójijì. Ewédò bo ara ògiri amọ̀ náà láti òkè délẹ̀, ó tutù lọ́wọ́ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, gbòǹgbò igi sì so rọ̀ sára rẹ̀ bí okùn. Gbòǹgbò yẹn ló di yẹ̀pẹ̀ náà mú láti ìgbà yìí wá. Níbi kan, àwọn ọlọ́kadà ti ń gun orí òkìtì kọjá. Ipa táyà wọn ti di ojú ọ̀gbàrá tí ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, òjò sì ti wó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sínú yàrà. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá máa tọ ọ̀nà yìí: ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lórí òkìtì Erédò, bó ti wù kí ó wù yín tó. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Kìlómítà 41 ni gbogbo rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀, mo sì sọdá títì ọlọ́dà lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ra búrẹ́dì, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá.

"Ṣé igi àràbà létí odò kejì ṣì wà?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Ó wà, sà. Ara rẹ̀ ni mo fi kẹ̀kẹ́ tì nígbà tí mò ń lẹ táyà."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín. "Abẹ́ rẹ̀ náà ni ìyá mi máa ń sọ ẹrù sí."