Bí a ṣe ń so fíltà báípáàsì mọ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kí ọ́ìlì lè pẹ́

Jẹ́nẹ́ ilé búrẹ́dì tí mò ń tọ́jú n'Íbàdàn máa ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́. Ìwé rẹ̀ ní tó bá ti pé wákàtí 250, kí á pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yẹn. Kí owó ọ́ìlì tàná tó kúrò lọ́kàn ọ̀gá, ti òní ti dé. Ìyẹn ló sún mi dé ìdí fíltà báípáàsì. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, ọ̀gá ní òun ò fẹ́ ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn oníná o. Mo ní rárá, kì í ṣe báípáàsì mítà.

Fíltà tó bá ẹ́ńjìnnì wá dà bíi kònkòsọ̀. Gbogbo ọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ yára gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ara bẹ́rìn, nítorí náà ojú rẹ̀ ò lè há jù. Èérí tí kò bá tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 25 sábà máa ń bọ́ lọ níbẹ̀. Irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bíi 70. Fíltà báípáàsì ní tirẹ̀ ni aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì. Ó lè mú èérí tí kò ju máíkírọ́ọ̀nù 2 tàbí 3 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé aṣọ kì í yára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń la ọ̀nà tóóró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Bóyá ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ́ìlì tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì ló ń gba ibẹ̀ padà sínú sọ́mpù, àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń gbé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọ́ìlì náà á ti gbabẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà.

Àmọ́ o, ẹ̀gbin nìkan kọ́ ló ń ba ọ́ìlì jẹ́. Oògùn kan wà nínú ọ́ìlì tó ń pa ásíìdì, ìmí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń fa ásíìdì ọ̀hún. Oògùn tó bá ti tán ti tán. Kò sí fíltà tó lè dá a padà. Tí ẹ bá ń ra dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti gbé e wá, oògùn yẹn lè tán kí ọ́ìlì tó dọ̀tí rárá.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan

Ẹ rí i pé ara ẹ́ńjìnnì náà le. Tí omi rádíétọ̀ bá ń wọnú ọ́ìlì, tí nọ́sùlù bá ń jo dísẹ́ẹ̀lì sí i, tàbí tí fíltà afẹ́fẹ́ ti ya tí eruku ọyẹ́ ń wọlé, ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Tí wáràntì jẹ́nẹ́ ò bá tíì tán, ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á fún yín fọwọ́ sí i lórí ìwé. Jẹ́nẹ́ kékeré tí kò gbà ju lítà méjì ọ́ìlì lọ ò yẹ fún wàhálà yìí.

Lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá inú fíltà náà, èyí tí a máa ń pààrọ̀, wà ní títà. Họ́ọ̀sì tó ń gba ọ́ìlì gbígbóná àti pírẹ́ṣọ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe họ́ọ̀sì omi. Àwọn kan l'Amẹ́ríkà máa ń ki odindi tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú irú fíltà yìí, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Èmi ò ní fi ẹ́ńjìnnì olówó iyebíye dán an wò.

Síso ó mọ́ ẹ́ńjìnnì

1. Ẹ pa jẹ́nẹ́, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Jẹ́nẹ́ tó máa ń dá tan tí iná bá lọ kì í béèrè bóyá ọwọ́ yín wà nínú fáànù.

2. Ẹ de fíltà náà mọ́ férémù, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n. Kó jìnnà sí sálẹ́ńsà, kí àyè sì wà láti yọ ọ́.

3. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì wà ni a sábà máa ń fa ọ́ìlì sí. Ẹ tú sẹ́ńsọ̀ náà, ẹ fi irin ẹlẹ́nu mẹ́ta síbẹ̀, ẹ dá sẹ́ńsọ̀ padà sí ẹnu kan, kí họ́ọ̀sì gba èkejì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Téèdì, ìyẹn eyín tí a fi ń wé irin wọnú ara wọn, ti àwọn ará Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà jọra bí ìbejì: ìwọ̀n 1/8 ti Ìlú Ọba ní eyín 28 nínú íǹṣì kan, ti Amẹ́ríkà ní 27. Á kọ́kọ́ wọlé fún yín, tó bá yá á há, ẹni tó bá fi sípánà fipá mú un ti ba ojú ihò ẹ́ńjìnnì jẹ́ nìyẹn. Kí ẹ fi ọwọ́ lásán wé e wọlé dáadáa ná. Tí ẹ bá ń yí tépù sí i, ẹ fi eyín méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí àjákù tépù má baà lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì.

4. Irin kékeré kan wà tí ihò rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 1.5 lọ. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà wọlé ló ń gbé. Òun ni kì í jẹ́ kí pírẹ́ṣọ̀ ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ nítorí pé “ọ́ìlì ò yára.”

5. Họ́ọ̀sì ìpadà gbọ́dọ̀ tóbi jù ti ìwọlé lọ, kó sì parí síbi tí kò sí pírẹ́ṣọ̀: orí sọ́mpù tàbí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí.

6. Ẹ rọ ọ́ìlì kún inú fíltà, ẹ tan jẹ́nẹ́, kí ojú yín wà lára géèjì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ fọwọ́ kan ara fíltà. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ́ìlì ń kọjá. Tó bá tutù, ohun kan ti dí i. Ẹ pa á, kí ẹ wo ọ̀pá ọ́ìlì, kí ẹ bù kún un.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a so tiwa, mo wọ yàrá jẹ́nẹ́, bàtà mi lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mi ṣe é ti gba họ́ọ̀sì kọjá létí férémù tó mú bí abẹ, gbígbọ̀n jẹ́nẹ́ sì ti ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀. Ká ní ó tún pé wákàtí díẹ̀ sí i ni, ẹ́ńjìnnì ì bá ti nọ́ọ̀kì. Láti ìgbà náà, gbogbo ibi tí họ́ọ̀sì bá ti kan irin ni mo ń fi rọ́bà wé.

Ìgbà wo la wá máa pààrọ̀ ọ́ìlì?

Ẹ má fo láti 250 sí 1,000 nítorí ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Tó bá pé 250, ẹ fa ọ́ìlì díẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ, kí ẹ gbe ìyókù sínú ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ẹ fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì Caterpillar ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, S·O·S ni wọ́n ń pè é. Nínú èsì, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ TBN síwájú rẹ̀: ìwọ̀n oògùn tó kù nìyẹn. Tó bá ti wálẹ̀ dé ìdajì ti ọ́ìlì tuntun, ẹ pààrọ̀, ọ́ìlì ìbáà mọ́ bí omi. Fún ọ́ìlì tí wọ́n kọ 15W-40 sí lára, ìki rẹ̀ ní 100°C gbọ́dọ̀ wà láàárín 12.5 sí 16.3 cSt, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìki ọ́ìlì. Tí ìwọ̀n irin inú ọ́ìlì bá ń gòkè, ẹ́ńjìnnì ń jẹra. Tí sílíkọ́nì bá ń gòkè, eruku ń wọlé.

Tí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ fi ìdajì kún un: 375. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣì máa pààrọ̀ fíltà tó bá ẹ́ńjìnnì wá lásìkò rẹ̀ o, àti inú báípáàsì. Ọ́ìlì tuntun tí ẹ bá bù kún un nígbà náà á dá oògùn díẹ̀ padà.

Ní tiwa, TBN ọ́ìlì tuntun jẹ́ 10. Ní 250, ó ku 6.8. Ní 375, ó ku 5.1, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ọmọ iṣẹ́ mi fa ọ̀pá yọ, ó fi ìka pa á, ó ní, “Ọ̀gá, ọ́ìlì yìí ṣì mọ́ ju èyí tí à ń dà nù tẹ́lẹ̀ lọ o.” Òótọ́ ló sọ. Mo fi bébà èsì hàn án, a sì tú gbogbo ọ́ìlì náà sínú kẹ́ẹ̀gì.