Bí Mo Ṣe Fi Abẹ́rẹ́ Àti Òwú Ka Ìwé Kan Parí

₦9,500 ni mo ná sórí ìwé ìtàn kan ṣoṣo, ìwé tí kò tiẹ̀ kún ọwọ́. Kì í ṣe ìwé òfin, kì í ṣe ìwé dókítà. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, Àgbàlagbà Akàn tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tó jáde ní 1971. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Ṣùgbọ́n mo kà á parí, kò sì sí ìlà kan tí mo fò, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn yangàn ná.

Télọ̀ ni mí ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, tí ẹ̀rọ bá ti sinmi, àwa tá a fẹ́ràn ìwé Yorùbá máa ń kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kálukú á dárúkọ ìwé tó wù ú jù, á sọ ohun tó rí níbẹ̀, a ó bá a jiyàn rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú, lẹ́yìn náà la ó mú ọ̀kan tí gbogbo wa máa kà. Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kò mọ̀ ju Fágúnwà lọ. Wọ́n ní Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà, nítorí òun ló kọ́kọ́ jáde, ní 1938. Ìyá Ìbejì ní irọ́ ni, ó ní Igbó Olódùmarè ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé 1949 ló jáde, torí ìtàn Olówó-Ayé ló wà níbẹ̀, Olówó-Ayé ló sì bí Àkàrà-Ògùn tí Ògbójú Ọdẹ ń sọ ìtàn rẹ̀. Ṣé ọmọ lèèyàn ń mọ̀ ṣáájú bàbá ni? Odidi ọ̀sán kan la fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, oúnjẹ ọ̀sán tutù mọ́ wa lọ́wọ́. Lójú tèmi, Bàbá Tíṣà ló jàre, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ wí i lójú Ìyá Ìbejì, oníbàárà mi ni.

Ìyá Ìbejì yìí kan náà ló ń polówó Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Fíìmù rẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1997 ló kọ́kọ́ wò, ó wá lọ wá ìwé, láti ìgbà náà kò yéé dá Àjàní inú ìtàn náà lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ iwin inú ìwé Fágúnwà, mi ò sì fẹ́ ẹkún ìfẹ́. Ìwé tó bá mú mi gbàgbé ìrẹsì lórí iná ni tèmi. Mo ti ka Àjà Ló Lẹrù, ìwé Òkédìjí kan náà tó jáde ní 1969, nígbà tí mo wà níléèwé, ìwé àyálò ni, mo sì ti ń wá bí n óò ṣe tún bá Lápàdé pàdé, ọ̀gbẹ́ni tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tí wàhálà ò fi òun sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dárúkọ Àgbàlagbà Akàn nígbà tó kàn mí. Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wá tirẹ̀.

Bí mo ṣe bá ẹni tó ń tàwé sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí mo sì fowó ránṣẹ́, ẹ̀yin náà ń rajà báyẹn, n kò ní máa ròyìn ìyẹn. Èkó ló wà. Ó ní tuntun ni, ó ní orígínà ni, ó ní ₦4,500. Ó fi fọ́tò èèpo ìwé ránṣẹ́, ó ń dán gbinrin. Owó wébíìlì jẹ́ ₦2,500, torí ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ló bọ́ sí, gbogbo ayé ló ń bọ̀ ní Òṣogbo, àwọn awakọ̀ sì mọ ìgbà tí wọ́n ń fi owó kún owó. Ọ̀kadà lọ bọ̀ sí gáréèjì, ₦600. Iṣẹ́ aṣọ funfun àwọn oníbàárà kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi débi pé ìjókòó kò sí mọ́, síbẹ̀ mo gbéra lọ gba ìwé.

Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni àwọn lẹ́tà rẹ̀. Ẹni tó ṣe ayédèrú yìí kò to ìwé náà lọ́tun, ńṣe ló ya àwòrán ìwé ẹlòmíràn tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí wọ́n bá ti ń ya àwòrán lórí àwòrán báyẹn, àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́, àmì ohùn á tẹ̀ lé e. Ẹ wá wo bí mo ṣe ń ka Yorùbá tí kò lámì: mo dé orí ọ̀rọ̀ kan, mo dúró, ṣé ọkọ̀ ni àbí okó, ṣé ọkọ́ ni àbí ọkọ? Nínú ìtàn ìwà ọ̀daràn, ìyàtọ̀ àárín ọkọ̀ àti ọkọ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n mo fara dà á. Mo ní ẹnu mi á mọ̀ ọ́n lọ.

Mo ka ojú ìwé 64 dé ìsàlẹ̀, níbi tí gbólóhùn kan ti dá sí méjì. Mo ṣí i. Ojú ìwé 49 ló kí mi káàbọ̀.

Mo rò pé ìka mi ló fa ewé púpọ̀ padà sẹ́yìn. Rárá o. Láti 49 ó lọ títí dé 64 lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bọ́ sí 81 gbàgà. 65 títí dé 80 kò sí. Nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́! Ká ní ìwé ewì ni, èèyàn á kàn fo ewì mélòó kan. Níbi tí wọ́n ti ń tọpasẹ̀ èèyàn, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ohun fífò. Mo bá àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí ní ojú ìwé 81, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a ti jọ mọ̀ra tipẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n tan iná olójú mẹ́rìndínlógún ti ọdún Ọ̀ṣun láàfin Àtáọ́ja, ọba wa. Tèmi, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ló ṣókùnkùn.

Oníbàárà mi kan tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn ló là mí lóye. Ó ní wọn kì í tẹ ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni wọ́n ń tẹ ojú ìwé mẹ́jọ sí níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, wọ́n á ká a, wọ́n á gé etí rẹ̀, ó di ìdì kan tó ní ojú ìwé 16. Ìdì lórí ìdì ni wọ́n ń tò kí wọ́n tó lẹ ẹ̀yìn ìwé. Ó mú tèmi lọ́wọ́, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín: ẹni tó ń tò ó mú ìdì kẹrin lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé ìkarùn-ún. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé ìtẹ̀wé gidi náà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ẹnì kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, wọn á sì pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹ bí ó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́.

Mo pe ẹni tó tà á.

Ó ní, “Àǹtí, báyìí ni gbogbo ẹ̀ ṣe wá o.”

Mo ní gbogbo ẹ̀ wo? Ṣé gbogbo ọjà ẹ ni kò ní ìdì karùn-ún?

Ó ní, “Ẹ̀ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbà á ní gáréèjì.”

Ẹ gbọ́ mi ná. Kí n dúró láàárín gáréèjì, lọ́sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, kí n máa ka ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan lójú awakọ̀ tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀? Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní òun á yọ ₦500 kúrò nínú èyí tí mo bá tún rà. Èyí tí mo bá tún rà! Lẹ́yìn ìyẹn ó ń ka gbogbo ohun tí mo bá kọ sí i, kò fèsì mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo rí i tó gbé fọ́tò ìwé náà jáde, èèpo tó ń dán yẹn náà, “tuntun, orígínà”. Mo ju fóònù sórí aṣọ.

Ìyá Ìbejì ló yanjú rẹ̀, bó ṣe yanjú rẹ̀ náà sì tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan wà ní Ìlobùú tí ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀dà àtijọ́, ọkọ tí kì í yá èèyàn níwèé, kódà ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án. A bẹ àbúrò náà kó bá wa ya fọ́tò 65 dé 80. Ó yà á, ó fi ránṣẹ́, àwòrán tó mọ́ tónítóní, gbogbo àmì pé. Mo ṣí èyí tó jẹ́ 65, mo rí ohun tí mo ti kà tipẹ́.

Lẹ́tà ìwé tiwọn tóbi ju tèmi lọ. Ìtàn kan náà, àmọ́ ó gba ojú ìwé púpọ̀ sí i, 65 tiwọn kì í ṣe 65 tèmi. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí gbólóhùn mi ti já. Mo ń ka ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ní ojú ìwé 64 sétí ìgbọ́ fóònù, obìnrin yẹn ń ṣí ìwé ní Ìlobùú, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó wá kígbe pé, “Háà! Ṣé ibi tí wọ́n ti—” Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé èèyàn ń bẹ̀rù ìwé báyẹn. Ìlàjì ojú ìwé 74 tiwọn ni mo dúró sí, orí 92 ni ojú ìwé 81 mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún un yà. Àtàǹpàkò rẹ̀ bo ìlà mẹ́ta nísàlẹ̀ 83, ó sì jẹ́ ibi tó dùn jù. Ó di kó dúró kí ọkọ rẹ̀ jáde kó tó lè tún ìyẹn yà.

Títẹ̀ ẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fótókópì, ₦100 fún ojú ìwé kan, mọ́kàndínlógún, ₦1,900. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Wọ́n tẹ ọ̀kan sódì, mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀ láìgba owó, torí wọ́n rí ojú mi.

Ibi tó kù yìí, èmi ni mo ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé ayédèrú yẹn ni, kò sí òwú kankan níbẹ̀. Mo fi réṣà yọ ìdì kẹrin kejì, ó jáde wẹ́rẹ́. Mo gé àwọn ewé tuntun ní ìwọ̀n pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì aṣọ, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò márùn-ún sí etí wọn. Òwú dúdú onílọ́po méjì ni mo lò. Mo fà á kọjá lára àbẹ́là kó má bàa gé bébà, kó sì má bàa ta kókó. Mo rán an lọ, mo rán an bọ̀, mo dì í sínú. Mo tì í bọ́ sí àyè tí mo yọ ìdì kúrò, mo fi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà pa ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e lórí, kò sí iná níbẹ̀ o, ìwúwo rẹ̀ ni mo fẹ́, títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo ewé yòókù ti ń jábọ́ báyìí, ewé tí mo rán ò mì.

Mo sì kà á. Òkédìjí ò jẹ́ kí èèyàn sinmi. Ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ mú bí abẹ, òwe wọn kì í ṣe òwe tí wọ́n kó jọ fún ọ̀ṣọ́, ìjà ni wọ́n fi ń jà. Ìrẹsì mi jóná. N kò ní sọ bó ṣe parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé “ẹ ka ìwé yìí, ó dùn gan-an”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi kún un pé ibo lẹ ti rà á, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú ìwé kan nínú ẹ̀dà tiyín, kì í ṣe èèpo nìkan. Èèpo kì í sọ òtítọ́. Kí olùtà ya fídíò bó ṣe ń ṣí ìwé náà látorí 1 dé ìparí, kí ìka rẹ̀ má bo nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ pa owó yín mọ́. Ẹ wo abẹ́ ọ àti ẹ àti ṣ nínú fọ́tò náà. Bí ẹ ò bá rí àmì, ẹ̀dà ẹ̀dà ni. Ẹ má sì fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí Òṣogbo lọ́sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun àfi tó bá jẹ́ oògùn. Èyí tó dùn mí jù rèé: ọmọ Bàbá Tíṣà ra ẹ̀dà gidi, alámì pípé, fún bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ₦3,500. Bàbá náà gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ìwé tó kàn ni Ìrèké Oníbùdó ti Fágúnwà. Ìyá Ìbejì ni yóò rà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ yá Àgbàlagbà Akàn tèmi, ₦500 ni fún ọ̀sẹ̀ kan, owó òwú ni.