Bí ẹ ṣe lè rí ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti irú rà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, Peckham ló máa kọ́kọ́ gbà lọ, á rin Rye Lane látòkè délẹ̀, á máa bi gbogbo oníṣọ́ọ̀bù pé "ṣé ẹ ní ewédú?" Tí wọ́n bá ti ní ó ti tán, á yà sí sùpámáàkẹ́ẹ̀tì, á ra spinach òyìnbó, á fi se ẹ̀fọ́ rírò, omi á kún inú ìkòkò, á wá máa sọ pé oúnjẹ ìlú yìí kò dùn. Mo ti rí i kò níye. Ewé tó ń wá wà nílùú o, ẹlòmíì ló ń tà á, orúkọ míì ló sì ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sórí fóònù, kí ẹ pín in sí méjì. Èlùbọ́, gàrí, epo pupa, panla, ata rodo, ẹ̀gúsí, gbogbo ìyẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, ì báà ṣe Peckham, Deptford, Woolwich tàbí Ridley Road ní Dalston, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí wọn. Ẹ̀gúsí nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: odidi ni kí ẹ rà, ẹ lọ̀ ọ́ nílé fúnra yín, torí èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá máa ń tètè bàjẹ́, tí ẹ bá sì sọ ẹyọ kan sẹ́nu tó korò tàbí tó ń rùn bí epo àtijọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Tàtàṣé, ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì ni mo ti ń ra tèmi, ata pupa gígùn wọn yẹn ló sún mọ́ ọn jù. Àwọn tó ń fi tòmátò inú agolo rọ́pò tàtàṣé, ọbẹ̀ wọn máa ń kan, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì ló le: ewé, irú, àti ẹ̀wà. Ẹ wá àwòrán ewé tí ẹ ń wá sórí fóònù, ewé àti igi rẹ̀, kí ẹ na fóònù sí oníṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gbọ́kàn lé orúkọ nìkan, orúkọ ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù.

Ewédú tiwa yìí, òun gan-an làwọn Lárúbáwá ń pè ní molokhia, àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ bọ́ sí Edgware Road, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ lọ tààrà sídìí fíríìsà. Èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ wà, èyí tí ewé rẹ̀ ṣì jẹ́ odidi náà wà. Èyí tí wọ́n ti gé ni kí ẹ mú, kò nílò ìjábẹ̀, ẹ da á sínú omi tó ń hó, kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti ń yọ̀. Gbígbẹ rẹ̀ kì í yọ̀ bíi tútù, ẹ má rà á àfi tí kò bá sí òmíì rárá. Ẹni tí kò bá ní kán-ún lè fi baking soda tí ìka méjì lè mú sí i, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ooru, ẹ dé Whitechapel, àwọn ará Bangladesh máa ń ta tútù rẹ̀, pat shak ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n oríṣi kan wà nínú ẹ̀ tó korò, torí náà ẹ tọrọ ewé kan, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sanwó.

Tẹ̀tẹ̀ ló wá kàn, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọ́n á sọ fún yín pé callaloo ni tẹ̀tẹ̀. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ará Jàmáíkà ló ń tà á, bí àwọn tó wà ní Brixton. Ṣùgbọ́n callaloo ti àwọn ará Trinidad, ewé kókò ni! Ewé kókò kì í ṣe ewé tí wọ́n ń bọ̀ fìrì kí wọ́n sì dà á sínú ata. Oxalate wà nínú ẹ̀, ó dà bí abẹ́rẹ́ wínníwínní tí ojú ò lè rí, ó ń gún èèyàn lọ́fun, àfi kí wọ́n sè é kó pẹ́ dáadáa lórí iná.

Àbúrò mi ọkùnrin kò mọ̀. Ọjọ́ ìkómọ ọmọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ ra tẹ̀tẹ̀, ó bèèrè callaloo, wọ́n fún un ní ohun tó bèèrè, wọ́n bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ tẹ̀tẹ̀, wọ́n rò ó, wọ́n gbé e síta pẹ̀lú iyán. Àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀fun mú níkọ̀ọ̀kan. Ìyá wa ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa títí di alẹ́. Kò sẹ́ni tí nǹkan burúkú ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ìkòkò yẹn la dà nù, pẹ̀lú ẹran àti ẹja tútù tó wà nínú ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé. Ewé kókò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó rí bí etí erin, ewé kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí igi kan tó sanra tí inú ẹ̀ rọ̀. Tẹ̀tẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ewé kéékèèké ló pọ̀ lára igi kan náà, ẹ sì lè fi èékánná ṣẹ́ igi tó bá ṣì kéré. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ má rà á. Àwọn ará Bangladesh náà ní tẹ̀tẹ̀, data shak ni wọ́n ń pè é, lal shak wọn ni pupa, òun náà dára, ó kàn máa ń jẹ́ kí omi ọbẹ̀ pọ́n ni. Callaloo inú agolo wà fún ọjọ́ tí kò sí nǹkan kan nílé, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa torí iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé spinach òyìnbó náà ló rí, kó bọ̀ ọ́, kó fún un títí omi ò fi ní jáde mọ́, kó tó kan ata.

Irú, wọn kì í pàtẹ ẹ̀ nítorí òórùn. Ẹ bèèrè, inú fíríìsà tàbí ẹ̀yìn káńtà ló máa ń wà. Tó bá jẹ́ ará Gánà tàbí Hausa ló ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní dawadawa, tó bá jẹ́ ará Mali, ẹ ní soumbala, tó bá jẹ́ ará Bẹ̀nẹ̀, ẹ ní afitin. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní ogiri dípò irú o, ogiri kì í ṣe irú, kì í ṣe èso igba ni wọ́n fi ń ṣe é, adùn wọn ò jọra rárá. Tí irú ò bá sí, ẹ̀wà dúdú oníyọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ń tà ní Chinatown lè dí àyè rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Èmi máa ń dì irú sínú foil ní ìwọ̀n ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo tún fi ike bò ó, fíríìsà mi kì í rùn.

Ẹ̀wà olóyin láti ilé, ẹ má wulẹ̀ máa wá a kiri. Láti 2015 ni àwọn ìjọba Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì, ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà lọ, ní Green Street tàbí Southall, kí ẹ bèèrè chora dal. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì ti là sí méjì ni, ẹ rẹ ẹ́, ẹ lọ̀ ọ́, ó parí, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n mi ò fọwọ́ bó ẹ̀wà mọ́. Ẹ wo orúkọ ara ọ̀rá dáadáa, chana dal ò jọ ọ́ ní adùn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídì ti àwọn ará Thailand ń ṣe iṣẹ́ ewé eéran, ẹ yá a níná díẹ̀ kó lè rọ̀ kó má baà ya.

Àárọ̀ ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa jáde, ẹ gbé báàgì tó ń mú nǹkan tutù dání, ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù pé ọjọ́ wo ni ẹrù rẹ̀ máa ń wọlé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹnìkan bá sì ń bọ̀ láti ilé, ẹja gbígbẹ ni kí ẹ ní kó gbé. Ẹran àti pọ̀nmọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, pọ̀nmọ́ sì wà ní Peckham.