Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Irun Ìsítíkáárà

Ìsítíkáárà ni irun àti àdúà tí a fi ń bẹ Ọlọ́hun pé kó yan èyí tó dára fún wa nínú ohun tí a fẹ́ ṣe. Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ni pé wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìyàwó, wọ́n ti ra aṣọ, wọ́n wá ń kírun kí Ọlọ́hun lè bá wọn fọwọ́ sí i. Bí ìdènà bá dé, wọ́n á ní ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní àbá ni kí ẹ ti kí i.

Jabir ọmọ Abdullah, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ló ròyìn àdúà náà látọ̀dọ̀ rẹ̀, Bukhari, onímọ̀ tó ṣàkójọ hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì), sì kó o sínú ìwé rẹ̀. Ràkáà 2 ni, nọ́fílà, kì í ṣe irun ọ̀ranyàn. Ẹ má kí i lẹ́yìn Àsùbáà títí oòrùn á fi gòkè dáadáa, tàbí nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, tàbí lẹ́yìn Alásàrí títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ẹ bá sálámà tán, ẹ yin Ọlọ́hun, ẹ ṣe àsàlátù fún Ànábì, kí ẹ tó ka àdúà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sórí lè kà á nínú ìwé. Níbi tí àdúà náà ti sọ pé "ọ̀rọ̀ yìí", ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń bèèrè: "fífẹ́ tí mo fẹ́ fẹ́ lágbájá", "iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí ní Abẹ́òkúta". Àìmọye èèyàn ló ń kà á kọjá níbẹ̀.

Ẹ má jókòó de àlá. Hádíìsì náà kò mẹ́nu kan àlá rárá, síbẹ̀ àwọn kan á fi oṣù mẹ́ta dúró dè é. Ẹ má sì gbé e fún àáfà pé kó bá yín wò ó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni Ànábì ní kó kírun. Yanrìn títẹ̀ kì í ṣe ìsítíkáárà, orúkọ yòówù tí wọ́n ìbáà fún un.

Kí ẹ kírun tán kí ẹ má ṣèwádìí, àṣìṣe ńlá ni. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ AS méjèèjì, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà, tí ẹ wá gbọ́ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé, kí ni ìdáhùn tún kù tí ẹ ń retí? Ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ àgbà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Kò sí ìsítíkáárà lórí ọ̀ranyàn tàbí hàráámù. A kì í bi Ọlọ́hun bóyá ká yọ sàká tàbí ká gba owó èlé.

Lẹ́yìn irun àti ìwádìí, ẹ tẹ̀ síwájú. Ìṣòro kékeré kan kò tíì jẹ́ "rárá". Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá dí pátápátá, ẹ má fi ipá ṣí i. Nínú àdúà náà, nǹkan méjì la tọrọ: kí Ọlọ́hun yí ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ wa, kó sì yí àwa náà kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ lè lọ kí ọkàn má tíì lọ, ó sì máa ń dunni gan-an. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìparí àdúà náà ni kí ẹ dì mú: kó kádàrá oore fún wa níbikíbi tó bá wà, kó sì jẹ́ ká yọ́nú sí i.