Bí a ṣe ń ṣírò h-index onímọ̀ sáyẹ́ǹsì

Olùkọ́ yunifásítì tó wà ní Òṣogbo, tó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti tàn tó, lè fi bébà àti bírò ṣírò h-index rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń fi iye iṣẹ́ rẹ̀ àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí wọn hàn pọ̀. Ṣí Google Scholar, ìkànnì tí a ti ń wá iṣẹ́ ìwádìí, kí o kọ àkọlé àwọn iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ pẹ̀lú iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù. Máa kà wọ́n bọ̀ wálẹ̀. Ipò tó kẹ́yìn tí iye ìtọ́ka rẹ̀ kò tíì kéré sí nọ́ńbà ipò náà ni h-index rẹ. Bí ìtọ́ka bá jẹ́ 25, 12, 7, 4 àti 3, ipò kẹrin ní 4, ṣùgbọ́n ipò karùn-ún ní 3 péré. Nítorí náà, 4 ni. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ló dábàá òṣùwọ̀n yìí ní ọdún 2005.

Ibi tí wàhálà wà ni orúkọ. Adébáyọ̀ A. kò lóǹkà, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì lè bọ́ sábẹ́ tìrẹ, nítorí náà gba nọ́ńbà ORCID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí olùwádìí kọ̀ọ̀kan ń ní, ọ̀fẹ́ ni. Má sì fi onímọ̀ ìṣirò wé oníṣègùn, nítorí àwọn oníṣègùn máa ń tọ́ka síra wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ ju àwọn onímọ̀ ìṣirò lọ.