Bí A Ṣe Ń Mú Ọ̀rọ̀ Owó àti Àjọṣe Òṣìṣẹ́ Tọ́ ní Ilé Ìtọ́jú Eyín

Aláìsàn tó bá ń kùn jáde nílé ìtọ́jú eyín, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé owó náà pọ̀ jù ló ń bí i nínú. Ẹni tó jókòó níwájú sọ iye kan fún un, nọ́ọ̀sì sọ òmíràn, dókítà tún fi kún un nígbà tí abẹ́rẹ́ ti mú ẹnu rẹ̀ kú, tí kò lè fèsì mọ́. Èmi ò mọ ọ̀nà tí a fi lè ya ọ̀rọ̀ owó kúrò lára ọ̀rọ̀ ìwà òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ilé ìtọ́jú eyín ní Àkúrẹ́, ì báà jẹ́ lójú ọ̀nà Ọba Adésídà tàbí ní Alágbàká, ẹ jọ mú méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí wákàtí kan lórí àga tí aláìsàn ń jókòó sí fún ìtọ́jú ń ná yín. Ẹ kó gbogbo owó tó ń jáde lóṣù jọ: owó ilé, owó oṣù, iná BEDC, dísù jẹnẹrétọ̀, omi, àtúnṣe ẹ̀rọ, àti èyí tí ẹ ń tọ́jú láti fi ra àga tuntun lọ́jọ́ iwájú. Ẹ pín in sí iye wákàtí tí aláìsàn ń lò lórí àga ní tòótọ́. Ẹ má pín in sí wákàtí tí ilẹ̀kùn fi ṣí sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Ká ní ₦1,760,000 ló ń jáde lóṣù, tí ẹ ń ṣí fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù. Wákàtí 176 nìyẹn, ₦10,000 sì ni wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ wákàtí 4 péré ni aláìsàn ń wà lórí àga lójúmọ́, wákàtí 88 ló ń mówó wọlé, ₦20,000 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Eyín tí yíyọ rẹ̀ gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti jẹ ₦10,000 kí a tó ka abẹ́rẹ́, oògùn tó ń mú ẹnu kú, ìbọ̀wọ́ àti gọ́ọ̀sì. Bí àwọn yẹn bá jẹ́ ₦4,000, ó di ₦14,000, èrè ò sì tíì sí níbẹ̀. Ẹni tó fi wákàtí ilẹ̀kùn ṣírò yóò kọ ₦9,000 (₦5,000 fún àga, ₦4,000 fún ohun èlò), yóò sì máa pàdánù ₦5,000 lórí eyín kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o. Iye tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò náà lójú gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí owó ń lọ kì í tijú láti dárúkọ iye rẹ̀ fún aláìsàn.

Ẹ sọ iye owó kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Dókítà á wo ẹnu, á sọ ohun tó rí, á sì ṣàlàyé ọ̀nà tó wà. Eyín tó ti jẹrà jinlẹ̀ ṣeé yọ, ó sì lè ṣeé tọ́jú pẹ̀lú róòtù kánà, ìyẹn fífọ inú gbòǹgbò eyín mọ́, kí a sì dí i. Yíyọ ni owó rẹ̀ kéré lónìí, àmọ́ àlàfo yóò ṣẹ́kù, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè máa yẹ̀ síbẹ̀. Róòtù kánà gba owó àti àkókò jù ú lọ, ó sì sábà máa ń nílò ìdérí tí a ń fi bo eyín náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ láìdẹ́rù bà á, ẹ kọ iye rẹ̀ sórí ìwé, ẹ fún un. Ẹ má kígbe iye owó ẹnikẹ́ni níbi tí àwọn mìíràn ti ń dúró. Bó bá mú káàdì ìbánigbófò wá, ẹ béèrè ohun tí ètò rẹ̀ ń san kó tó jókòó, nítorí kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ eyín ló máa ń wà níbẹ̀.

Wọn yóò ná ọjà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà Ọba dé kò ní ṣàì sọ pé, "Ọmọ mi, bá mi dín in kù." Ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní èsì kan ṣoṣo: "Màmá, ẹ má bínú mà, iye tí gbogbo ènìyàn ń san nìyí. A lè kọ́kọ́ ṣe èyí tó ń dùn yín, ká fi ìyókù sí oṣù tó ń bọ̀." Ẹnì kan péré ni kó láṣẹ láti dín owó, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá dín in fún pásítọ̀ nọ́ọ̀sì, tí ẹ kọ̀ fún àǹtí akọ̀wé, ìjà ti wọlé.

Ẹni tí ojú rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí kò lè gbé itọ́ mì, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ owó ná. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìtọ́jú kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì.

Ẹ fún ọmọdé lẹ́nu láti dá àgbà dúró. Èyí ló le jù, nítorí wọn ò tọ́ wa láti sọ fún àgbà pé ó ṣì í. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní Oǹdó, lè rí àṣìṣe ọ̀gá rẹ̀, kó dákẹ́. Ohun èlò tí a sè nínú ọ́tókíléèfù, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò àrùn, nílò ìṣẹ́jú 15 ní ìwọ̀n 121°C, tàbí 3 ní 134°C. Bí àmì ara àpò rẹ̀ kò bá yí àwọ̀ padà, ẹnikẹ́ni tó bá rí i gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀. Ẹ fẹnu kò sí gbólóhùn kan tí kò tàbùkù ẹnikẹ́ni: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ ná." Bí ọ̀gá bá gbọ́ ọ, kó dúró, kó sì dúpẹ́ lójú gbogbo wọn. Bó bá lejú lẹ́ẹ̀kan péré, kò sẹ́ni tí yóò tún lanu sọ̀rọ̀ mọ́. Gbólóhùn yìí kan náà ni akọ̀wé yóò lò bí dókítà bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó ju iye tí aláìsàn gbà láti san.

Ẹ pàdé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ san owó oṣù lọ́jọ́ tí ẹ dá. Ẹ má sì fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀bùn lórí iye eyín tó tọ́jú, nítorí yóò máa rí ihò níbi tí kò sí.

Bí owó dísù tàbí oògùn bá gòkè, ẹ tún ìṣirò ṣe, ẹ lẹ iye tuntun mọ́ ògiri ṣáájú ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kó parí rẹ̀ ní iye tí ẹ kọ fún un.