Bí mo ṣe sọ fẹ́ńdà tuntun di ẹgbẹ́ àtijọ́ lára Ìjàpá bàbá mi

Ọdún 1977 ni bàbá mi ra Volkswagen Ìjàpá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí iléeṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975. Pupa fòò ni nígbà náà. Òòrùn Abẹ́òkúta ti sọ ọ́ di àwọ̀ ata gbígbẹ. Bí ẹ bá fi ìka ra òrùlé rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pupa á bá yín lọ. Mi ò fẹ́ tún un kùn rárá. Ọ̀dà yẹn ni bàbá mi ń fi aṣọ nù ní gbogbo Sátidé, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti fá a lọ lẹ́bàá ìdìmú ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọlọ́kadà kan wá gbá fẹ́ńdà iwájú lápá ọ̀tún, ìyẹn irin tó bo táyà, tó ya kọjá àtúnṣe, mo lọ ra tuntun ní Ládípọ̀, ní Muṣin. Ìtú àti ìdè rẹ̀ kò le, bóòtù ni wọ́n fi dè é, wọn kò fi iná jó o mọ́ ara ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ni ìṣòro. Àfi bí ẹni fi àǹkárá tuntun lẹ ẹ̀wù òfì àgbà.

Ọ̀gá tó bá mi fín in kọ́kọ́ fín ọ̀dà, ó sì fi kílíà, ọ̀dà dídán tí kò láwọ̀, lé e. Ó ń dán bí omi. Mo ní kò burú, màá fi sánpépà pa dídán rẹ̀. Ńṣe ló hun funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara lọ́yẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi: ọ̀dà ara ọkọ̀ wa kò ní kílíà lórí, àwọ̀ náà gan-an ni òòrùn ń jẹ. Lórí tuntun yìí, kílíà ni mò ń ha, n kò tíì kan àwọ̀. A fi tínà bó gbogbo rẹ̀, a wá tún un fín pẹ̀lú ọ̀dà aláìníkílíà. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńdà òsì ni mo ní kó wò po àwọ̀, kì í ṣe orí rẹ̀ tó ti ṣá jù.

Kí n tó fọwọ́ kàn án mọ́, mo jókòó síwájú fẹ́ńdà òsì nírọ̀lẹ́ kan, pẹ̀lú bírò àti ìwé. Orí ló ṣá jù, torí òun ló kọjú sí òòrùn. Òkúta ti ta iwájú rẹ̀ lójú wẹ́wẹ́. Ó dógùn-ún nísàlẹ̀ létí, níbi tí táyà ń ta ẹrẹ̀ sí, àti yí orí bóòtù ká, níbi tí omi ń dúró sí. Láàárín, kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á wọ́n ìpẹtà káàkiri bí ẹni wọ́n iyọ̀.

Mo fi sánpépà 1500 àti omi ra orí fẹ́ńdà tuntun, mo fi 2000, tó kúnná jù ú lọ, tẹ̀ lé e, títí tí dídán fi lọ. Létí ìsàlẹ̀, 400 tó rí ṣákaṣàka ni mo lò, títí ọ̀dà ìpìlẹ̀ fi yọ, tí irin sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìṣó ni mo fi ta ojú òkúta, iwájú ni mo sì ti ń ta á wá, torí iwájú ni òkúta ti ń bọ̀.

Fún ìpẹtà, mo po hydrogen peroxide tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ife méjì, mọ́ fínígà ṣíbí ìjẹun mẹ́rin àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣe é níta, ẹ má sì dé e pa, gáàsì rẹ̀ lè bẹ́ ike. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ sí ibi tí irin ti yọ nìkan. Ó hó, ó pọ́n bí ọsàn tó pọ́n, kí n tó jẹun tán ó ti dà bí obì gbígbẹ. Mo fi omi tí mo po baking soda sí fọ̀ ọ́ dáadáa, torí bí iyọ̀ bá ṣẹ́ kù, yóò máa jẹ irin lọ ni. Nígbà tó gbẹ, mo fi òróró linseed, òróró èso kan tó máa ń gbẹ mọ́ ohun tí a bá fi pa, nù ún fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ sá àkísà òróró yẹn sí gbangba. Bí ẹ bá ká a jọ, ó lè dá gbiná.

Bóòtù tuntun ń kọ mọ̀nà nítorí síǹkì ara wọn. Mo rẹ wọ́n sínú fínígà títí híhó fi dáwọ́ dúró, wọ́n di eérú, mo wá tọ́ omi ìpẹtà sí orí wọn nìkan. Mi ò jẹ́ kó kan ẹnu ìdè, ibi tí bóòtù ti ń lọ́ wọlé. Páìpù búréèkì tí mo pààrọ̀ lásìkò kan náà, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe rí, tuntun. Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró kò gbọdọ̀ gbó, ì báà jẹ́ lójú lásán.

Kí n tó dè é, mo fi ṣóńṣó ìṣó kọ ọdún tí mo pààrọ̀ rẹ̀ sínú fẹ́ńdà náà, lápá ibi tí táyà ń gbé yí, mo sì fi ọ̀dà dúdú bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹni tó bá tún tú u lẹ́yìn mi lè mọ èyí tí kì í ṣe ti 1977.